Ọjọ́ tí Tinúkẹ́ Mọ Kẹ̀kẹ́ Gùn

Ọjọ́ tí ogun wọ àdúgbò wa ni ọmọ mi mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo ń wí o, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Màrúwá tó gba gbogbo títì Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí. Ó ti lé lógún ọdún. Àbíjàn la wà nígbà náà. Gbogbo ilẹ̀ yẹn làwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ ń pè ní Àbíjàn, ì báà jẹ́ ìlú tó jìnnà sí Àbíjàn gan-an bíi tiwa. Abọ́ oníke lèmi àti ọkọ mi ń tà níbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ máa ń sọ lórí fóònù pé kí ogun kúkú bẹ́, ẹ jókòó, kí n sọ díẹ̀ fún yín.

Ọmọ ọdún méje ni Tinúkẹ́. Bàbá rẹ̀ ti ń di ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà mú fún un láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó ń sáré tẹ̀lé e, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo gbọ́ igbe, mo sì jáde. Ọmọ ń lọ! Kò sí ẹni tó dì í mú. Inú mi dùn débi pé mo jó níwájú ṣọ́ọ̀bù, èmi tí wọ́n máa ń sọ pé ojú mi le. Ọkọ mi ń pariwo, "Tẹ bíréèkì! Tinú, tẹ bíréèkì!" Kò tíì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Ọmọ yà ní kọ́nà, a ò rí i mọ́.

Nígbà náà ni ìbọn dún. A kọ́kọ́ rò pé táyà ló bẹ́. Ìkejì tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ó wá ń ta bíi gúgúrú nínú agbada. Kí n tó ṣẹ́jú, títì tó kún fún èèyàn ti di òfìfo. Ọkọ mi fẹ́ sáré tẹ̀lé ọmọ, mo di ẹ̀wù rẹ̀ mú. Láti bí ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n ti ń sọ pé gbogbo ọkùnrin àlejò ni wọ́n ń kó.

"Ẹ wọlé," mo ní. "Obìnrin ni mí. Màá mú un wá."

Mo rìn. Mi ò sáré, torí ẹni tó bá ń sáré ni ìbọn ń lé. Ọbẹ̀ ń hó lórí iná níwájú ilé kan, kò sí ẹni tó ń rò ó. Rédíò ń kọrin ní ṣọ́ọ̀bù agẹrun, kò sí agẹrun, kò sí ẹni tó ń gẹrun. Ìbọn wá dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn bà mí lẹ́rù ju ariwo lọ. Inú rẹ̀ ni mo ti gbọ́ àtẹ́wọ́.

Mo rò pé orí mi ti dàrú. Mo yà ní kọ́nà.

Ọkùnrin bíi mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, wọ́n gbé ìbọn kọ́rùn. Bóyá ti ìjọba ni wọ́n, bóyá àwọn tó ń bá ìjọba jà ni, mi ò mọ̀ títí dòní. Wọ́n ti fi igi dí títì. Wọ́n da tapólì bo nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló yọ lábẹ́ rẹ̀. Ní àárín títì, ọmọ mi ń gun kẹ̀kẹ́ yípo, orúnkún rẹ̀ ti bó, ojú rẹ̀ le bíi ti ẹni tó ń ṣe ìdánwò. Àwọn ọkùnrin náà ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọ̀gá wọn wọ jígí dúdú. Ó bá mi sọ Faransé, ohùn rẹ̀ tutù bí ohùn ẹni tó ń ṣàlàyé ọ̀nà fún àlejò. Ó ní ẹni tí kò bá dúró níbẹ̀, àwọn á yìn ín níbọn. Ó ní àwọn ti na ìbọn sí ọmọ yìí, àfi bó ṣe já ara rẹ̀ lulẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, tó kúnlẹ̀, tó sọ èdè kan tí àwọn ò gbọ́. Ó pa àwọn lẹ́rìn-ín.

Mo mọ ohun tó sọ. "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo fà á létí nítorí pé ó kí àgbàlagbà kan lóòró. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí kò mọ bíréèkì tẹ̀, ìkúnlẹ̀ ló dá a dúró.

Èmi náà kúnlẹ̀.

"Ìwọ ni ìyá rẹ̀? Pàtẹ́wọ́ fún un."

Mo pàtẹ́wọ́.

"Rẹ́rìn-ín."

Mo rẹ́rìn-ín. Bí Tinúkẹ́ ṣe rí ẹ̀rín mi, òun náà bú sẹ́rìn-ín. Ó yípo, ó tún yípo, mi ò mọ iye ìgbà. Tó bá ti ń sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, màá fi Yorùbá kígbe, "Èmi ni kó o máa wò, Tinú! Ojú mi ni kó o máa wò!" Mo tún ń rẹ́rìn-ín, mo tún ń pàtẹ́wọ́, àwọn náà ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tó sú ọ̀gá wọn, ó juwọ́ pé ká máa lọ.

A ti kẹ̀kẹ́ náà délé. Ọkọ mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ìyá Tinú, kí lẹ rí?"

"Ọmọ yín ti mọ kẹ̀kẹ́ gùn," mo ní. Mo lọ bì sẹ́yìnkùlé.

Ọjọ́ mọ́kànlá la fi há mọ́lé. A mu gàrí láìsí ṣúgà, nígbà tó yá gàrí náà tán. Ọkọ̀ alálùbọ́sà ló gbé wa jáde, a gba Bùkínà, a gba Tógò, a gba Kútọnu, a dé ilé bàbá ọkọ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú báàgì kan. Ọmọ ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n tí àlejò bá ti wá kí wa, á ní, "Sójà pàtẹ́wọ́ fún mi ní Àbíjàn o!" Gbogbo èèyàn á rẹ́rìn-ín. Èmi á máa dúpẹ́ nínú mi pé kò rí ohun tí mo rí.

Èmi ni mo kó àrùn ibẹ̀. Nínú ìjọ Aládùúrà wa, tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ àtẹ́wọ́, màá dìde jáde. Àwọn ìyá ìjọ rò pé ìtọ̀ ṣúgà ló ń ṣe mí. Mi ò já wọn nírọ́.

Ọ̀yọ́ ni Tinúkẹ́ ti ń ṣe tíṣà báyìí. Mo lọ kí i lóṣù tó kọjá, ó sì mú èmi àti ọmọ rẹ̀, Mojí, lọ sí pápá súkúùlù wọn lọ́sàn-án Sátidé. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Ó tú ọwọ́ kúrò lára ìjókòó kẹ̀kẹ́, Mojí sì lọ. Tinúkẹ́ pàtẹ́wọ́. Mo kó ọwọ́ mi méjèèjì sábẹ́ ìró.

"Màmá, ẹ ò pàtẹ́wọ́ fún ọmọ."

Mi ò mọ bó ṣe bọ́ lẹ́nu mi. "Ìwọ lorí ṣe fún," mo ní. "O ò rí ohun tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn."

Kò wo ojú mi. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò.

"Mo rí ẹsẹ̀ wọn, Màmá. Mo ti rí wọn kí ẹ tó dé."

"Kí ló wá ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Ẹ̀yin lẹ ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé tí mo bá sunkún, wọ́n á mọ̀ pé ẹ̀rín yín kì í ṣe òótọ́."

"Gbogbo ọdún tó o fi ń sọ fún àlejò pé wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọ ńkọ́?"

"Ẹ máa ń wà níbẹ̀, ẹ máa ń gbọ́," ó ní. "Mo fẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀ ni."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a jókòó sórí koríko, omi ń bọ́ lójú àwa méjèèjì. Mojí ń yípo lórí pápá títí tó fi rẹ̀ ẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀.