Ta-Ló-Fẹ́-Kọ́-Mi, Ọkùnrin Tó Fi Ọ̀dà Kun Bátìrì

Ṣé ti ọjọ́ tí Ta-Ló-Fẹ́-Kọ́-Mi ní ẹ̀rọ ń kí òun ni ẹ fẹ́ gbọ́? Ó dáa. Olóògbé kò lè bá wa jiyàn mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìbá ti já ìtàn náà gbà lẹ́nu wa, ìbá sì bà á jẹ́.

Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni, agbẹ̀bí sì ni ìyàwó rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n pe ìyàwó láti ilé ìwòsàn pé kó máa bọ̀ kíá, obìnrin kan ń rọbí, ọmọ sì dábùú. Ó kó sínú ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọkọ̀ lẹ́nu.

Ọkọ rẹ̀ bá yọ, ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan dání, irú èyí tí wọ́n fi ń jí bátìrì tó ti kú. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni. Ìwé tó bá a wá, ó ti fi nu gíláàsì ọkọ̀.

"Bàbá wọn, wáyà pupa ló ń lọ sórí pọ́sítífù, èyí tó ní àmì ìròpọ̀ o."

"Ta ló fẹ́ kọ́ mi? Kí wọ́n tó bí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ yìí ni mo ti ń wakọ̀."

Èwo wá ni pọ́sítífù? Ọgbọ́n àgbọ́njù bàbá yìí ti ṣiṣẹ́ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti fi ọ̀dà dúdú kun gbogbo inú bọ́nẹ́ẹ̀tì, torí ó ní ìdọ̀tí kì í hàn lára ohun dúdú. Ó kun ẹ́ńjìnnì, ó kun bátìrì, ó kun àmì tó wà lórí rẹ̀ mọ́ ọn. Ó wá dúró, ó ń wo orí bátìrì méjèèjì bí ẹni tí kò mọ Táyé yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé. Ó yan ọ̀kan ṣá. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, píì, píì, iná pupa ń ṣẹ́jú.

"Ẹ yọ ọ́! Ó ń kìlọ̀ fún yín!"

"Ìkìlọ̀ wo? Ó ń kí mi ni. Ẹ̀rọ tó gbọ́n máa ń kí ọ̀gá rẹ̀."

Ló bá tẹ bọ́tìnnì tó ń pa ẹ̀rọ náà lẹ́nu mọ́, tó sì ń fi tipátipá tú iná rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí ẹni tí kò mọ nǹkan kan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Pàù! Iná fò. Irun ojú òsì rẹ̀ jóná ráúráú. Káfíńtà aládùúgbò ló fi ọkọ̀ tó fi ń kó pákó gbé agbẹ̀bí lọ, Ọlọ́run sì yọ ìyá àti ọmọ. Nígbà tí káfíńtà dé, ó bi í pé, "Bàbá, irun ojú yín ńkọ́?"

"Ó ti pọ̀ jù tẹ́lẹ̀."

Ẹ ò rí ayé! Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń ba agbẹ̀bí: pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ̀mí èèyàn yóò so kọ́ ọkọ̀ yìí, tí agídí ọkọ òun yóò sì pa onítọ̀hún. Ó sọ̀rọ̀ títí, ẹnu bó. Nígbà tí bátìrì náà wú, tí omi ń jò lára rẹ̀, ó ní, "Bàbá wọn, bátìrì tó bá ti wú, a kì í jí i o. Ó lè bú gbàù mọ́ yín lójú. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ rẹ̀."

"Wú bí ti báwo? Ó ń sanra ni. Mo ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa."

Agbẹ̀bí pààrọ̀ bátìrì náà láìjẹ́ kí ọkọ rẹ̀ mọ̀. Bàbá jí lọ́jọ́ kejì, ó tún fi ọ̀dà kun tuntun.

Ọjọ́ tí à ń wí náà dé, ti ara rẹ̀ ló sì jẹ́. Lọ́sàn-án gangan, àyà bàbá di í mú, òógùn bò ó. Ìyàwó àti káfíńtà gbé e sínú ọkọ̀. Ọkọ̀ kọ̀, torí bàbá fi iná rẹ̀ sílẹ̀ ní títàn lálẹ́ àná, ó ní bátìrì ń fẹ́ ìdárayá. Káfíńtà sì ti ta ọkọ̀ tirẹ̀.

Agbẹ̀bí ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó mú ọ̀bẹ, ó ha ọ̀dà orí bátìrì títí àmì ìròpọ̀ fi yọjú. Ó rí i dájú pé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà ní pípa. Ó fi wáyà pupa sórí àmì náà, ó ha ọ̀dà kúrò lára irin ẹ́ńjìnnì níbi tó jìnnà sí bátìrì, ó fi wáyà dúdú há a. Ẹ̀yìn náà ló tó tan ẹ̀rọ.

Ẹni tí èémí ń há lọ́fun tún na ìka láti inú ọkọ̀: "Dúdú... orí bátìrì... ni."

"Bàbá wọn, ẹ dákẹ́! Ẹ máa mí!"

Ó yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ dáhùn. Ó yọ wáyà dúdú, ó yọ pupa, ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó sì wa ọkọ rẹ̀ dé ilé ìwòsàn láàyè. Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì ń yìn ín pé obìnrin bí ọkùnrin ni, ta ló gbórí sókè lórí bẹ́ẹ̀dì?

"Èmi ni mo kọ́ ọ."

Ó gbé ọdún kan sí i lẹ́yìn ìyẹn, ó sì ń sọ ọ́ fún ẹni tó bèèrè àti ẹni tí kò bèèrè. Oorun ló bá lọ nígbẹ̀yìn, wọ́ọ́rọ́wọ́, ìyẹn nìkan ni ohun tó ṣe láyé tí kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé lórí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, káfíńtà bá opó ra bátìrì tuntun, ó sì so ó bó ṣe yẹ. Láàárọ̀ tí agbẹ̀bí máa padà sẹ́nu iṣẹ́, ó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ sì dáhùn. Ohun tó ti ń bẹ Ọlọ́run fún láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Kò gbéra. Ó jókòó síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń dún, àárò ọkùnrin náà sọ ọ́ gan-an. Ó wo ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ó yá, ẹ wí nǹkan," ni obìnrin náà wí. "Ẹ ní mi ò mọ̀ ọ́n ṣe."