Ẹ̀rín Màmá Retta

Ọdún kẹtàlélógún rèé tí Loretta Pruitt ti ń ṣe ìyá ilé, ìyẹn alábòójútó ilé tí wọ́n ń gbé, fún ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́kùnrin kan, ní ìlú yunifásítì kékeré kan ní Indiana. Ogójì géńdé ló ń gbé ilé náà, Màmá Retta sì ni gbogbo wọn ń pè é. Onísọkúsọ ni wọ́n, ọ̀mùtí paraku ni wọ́n, ṣùgbọ́n tó bá di ìdí oúnjẹ, ọmọlúàbí ni wọ́n. Ebi ì báà máa pa wọ́n kú lọ, òòró ni wọ́n máa dúró títí màmá yóò fi jókòó, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi oúnjẹ kan ẹnu àfi bí tirẹ̀ bá kọ́kọ́ dé ẹnu. Òfin ilé ni. Kódà àwọn tó ti jáde, tí wọ́n ti bímọ, ó ti mọ́ wọn lára.

Dustin Hulbert wà lára àwọn tó ti jáde. Nígbà tó kọ́kọ́ dé ilé yẹn, àárò ìyá rẹ̀ mú un débi pé kò lè jẹun. Màmá Retta ló ń se ọbẹ̀ adìyẹ fún un lọ́tọ̀. Ó ti wá di onífíìmù báyìí. Ó ṣe fíìmù apanilẹ́rìn-ín kan nípa pátì inú ilé náà, ó sì gbé e wá sí sinimá ìlú lọ́sàn-án Sátidé kan, kí àwọn èèyàn wò ó bóyá ó dùn. Wọ́n pín káàdì àti pẹ́ńsù fún gbogbo ẹni tó wọlé. Bí ohun tí wọ́n bá kọ sí i kò bá dáa, ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gbé fíìmù náà jáde yóò yọwọ́, iṣẹ́ ọdún mẹ́fà Dustin sì di àṣedànù.

"Màmá, ẹ jókòó tì mí," ni Dustin wí. Òógùn ti bò ó. "Ìtàn yín wà níbẹ̀ o. Ti àtẹ̀gùn."

"Ti àtẹ̀gùn kẹ̀?"

"Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́. Tẹ́ ẹ bá ní kí n yọ ọ́, màá yọ ọ́."

Kí Màmá Retta tó fèsì, wọ́n ti paná.

Ká má purọ́, fíìmù náà kò dùn. Ọmọkùnrin kan sáré níhòòhò yí ọgbà ilé-ìwé ká, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Òmíràn bì sínú fìlà ọ̀gá yunifásítì, ẹnì kan wúkọ́. Ìsọkúsọ kún inú rẹ̀ dẹ́nu, àwàdà ni kò sí níbẹ̀; àwọn tó ṣe é rò pé bí ìdí bá ti ṣí sílẹ̀, ẹ̀rín ti dé nìyẹn. Dustin ti ń jẹ èékánná.

Ìgbà náà ni àtẹ̀gùn yọ. Wọ́n ti tẹ́ ọ̀rá sórí rẹ̀, wọ́n da omi ọṣẹ sí i, wọ́n sì gbé agbada rọ́bà ńlá kan tó kún fún jẹ́lì pupa sí ìsàlẹ̀. Ìyá ilé inú fíìmù wọ aṣọ àwọ̀sùn péńpé, ó ń bọ̀ wá jágbe mọ́ wọn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Aṣọ ká sókè, ó fìdí wọ́ láti òkè délẹ̀, ó já sínú jẹ́lì, gbàà!

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣẹlẹ̀ lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, àfi ti aṣọ. Àárọ̀ Sátidé ọjọ́ bọ́ọ̀lù ni, aṣọ ìjáde ni Màmá Retta wọ̀, pẹ̀lú bàtà, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é láti ọsibítù kan ní Indianapolis pé Earl, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, ń kú lọ, pé ó ń béèrè rẹ̀. Mọ́tò àwọn tó wá mutí kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀ ti há tirẹ̀ mọ́nú ọgbà. Ó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ láti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún mọ́tò wọn ni. Dustin àti àwọn yòókù fi ẹ̀rín fà á jáde nínú jẹ́lì, wọ́n gbé e léjìká, wọ́n ń kọrin mọ́ orúkọ rẹ̀. Ó ń pariwo "Mọ́tò! Mọ́tò!" wọ́n ṣe bí eré ló ń ṣe. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn fẹsẹ̀ rìn lọ sí pápá, wọ́n fi mọ́tò wọn sílẹ̀ nínú ọgbà, tirẹ̀ kò sì ríbi jáde. Aago mẹ́ta ni Earl kú. Nígbà tí wọ́n fi dé, ẹ̀rín ìṣubú náà ṣì wà lẹ́nu wọn, màmá kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ títí dòní.

Ní sinimá, gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Ọmọ ilé ló kún ibẹ̀, ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí, gbogbo wọn yíjú sí Màmá Retta. Ó mọ ojú náà. Ojú ìdí tábìlì ni: wọ́n ń retí kí tirẹ̀ kọ́kọ́ dé ẹnu.

Ó wo Dustin. Ọmọ náà ti di ojú méjèèjì. Kí ni kó ṣe? Ta ni kó bi? Ó la ẹnu, ó rẹ́rìn-ín.

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn kan yí lulẹ̀. Àní àwọn ọ̀rọ̀ rírùn tó tẹ̀ lé e pàápàá di àwàdà, nítorí ẹni tó ti ń rẹ́rìn-ín kì í ṣa ohun tó ń rín. Màmá Retta fẹ́ dákẹ́, kò lè dákẹ́. Omijé ń dà lójú rẹ̀ wàrà.

"Màmá! Ẹ̀yin gan-an rẹ́rìn-ín!" Dustin dì mọ́ ọn nígbà tí iná tàn. "Ibẹ̀ yẹn ló gba fíìmù yìí là. Kí n má yọ ọ́ mọ́, àbí?"

"Má yọ ọ́, ọmọ mi."

"Màmá, ẹ tún un ṣe fún wa ní Sátidé tó ń bọ̀!" ni ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn. "Jẹ́lì wà nílẹ̀ o!"

"Lọ fọ ìbọ̀sẹ̀ ẹ ná, òórùn ẹ̀ ti débí," ni Màmá Retta dá a lóhùn, ni wọ́n bá tún bú sẹ́rìn-ín.

Ó ku káàdì. Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni pé, kí ló yẹ kó wà níbi tí ẹ fẹ́ràn jù, tí kò sí níbẹ̀? Màmá Retta kọ ọ́ wẹ́wẹ́ pé: Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lọ́wọ́ mi. Dustin nawọ́ láti gbà á, ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó.

"Dúró díẹ̀," ni màmá wí. Ó fi rọ́bà ìdí pẹ́ńsù pa á rẹ́, ó kọ ọ́ pé: Kò sí, ó sì gbé e fún un.