Àárọ̀ Tí Ewé Gòkè Odò

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ọ̀rẹ̀, mo sì gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kan kọjá níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn kòkó tí ń pa kòkòrò. Ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìdérí ọ̀kan. Òórùn yẹn wọ imú mi, ẹsẹ̀ mi sì kọ̀, kò lọ mọ́. Ọlọ́kadà tó ń bọ̀ lẹ́yìn pariwo pé ṣé ilẹ̀ bàbá mi ni mo dúró sí ni. Mo yà fún un. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń sá fún òórùn náà.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ omi tiwa fún yín. Abúlé wa wà nínú igbó, lẹ́yìn ìlú Omífunfun, níbi tí mọ́tò kì í dé tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Kòkó, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ la fi ń jẹun. Wọ́n ní kòkó wa ni àwọn òyìnbó fi ń ṣe ohun dídùn kan. Àwa tó ń gbìn ín kò mọ adùn rẹ̀ ju èyí tí a ń pọ́n lá lára kóró rẹ̀ lọ. Ẹ̀gẹ́ ní tirẹ̀ ní oró nínú, omi ló sì ń gba oró náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá mi á bó o, á rẹ ẹ́ sódò títí yóò fi rọ̀, á fún un, á mọ ọ́n róbótó, á wá gbé e sókè iná kí èéfín mú un gbẹ di púpurú tí à ń jẹ.

Odò kan ṣoṣo la ní, ó sì ní òfin. Òkè ni a ti ń pọn èyí tí a ń mu. Àárín ni a ti ń wẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni a ń rẹ ẹ̀gẹ́ sí, ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn igi ọ̀pẹ kan tó wó, ni a sì ti ń fọ ohun tó bá lẹ́gbin. Kò sẹ́ni tó kọ òfin yìí sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń rú u. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tiwa tẹ́jú. Bí òjò bá pọ̀ lápọ̀jù, àwọn odò ńlá tó ń lọ sí ọ̀sà á kún, wọn ò ní gba omi mìíràn mọ́, tiwa á sì yí padà, á máa bọ̀ lókè. Ọmọ lè dàgbà tó ọdún mẹ́wàá kó má tíì rí i rí. Ìdí nìyẹn tí àgbà fi ń bi ọmọ tó bá ti odò dé, kó tó sọ ẹrù pàápàá, pé, “Omi ńkọ́?” Ọmọ á ní, “Ó ń lọ.” Bó bá jẹ́ pé ó ń padà, kó wí. Kí oró má baà gòkè dé ibi omi mímu, wọn á kó ẹ̀gẹ́ kúrò, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fọ nǹkankan lódò títí omi yóò fi máa lọ.

Ìbídùn ni ọ̀rẹ́ mi. Ilé wọn kọjú sí tiwa. Ó gùn, ó tín-ín-rín, ó sì lè rẹ́rìn-ín títí ìdajì omi á fi dànù lórí rẹ̀. Aládùúrà ni bàbá rẹ̀, ẹni jẹ́jẹ́ tó lè tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ewúrẹ́ kó tó lé e. Àwọn sójà ló ń ṣèjọba nígbà náà. Iyọ̀ wọ́n, ọṣẹ wọ́n, ẹja tó ń ti Ọ̀rẹ̀ wá di ohun tí à ń fẹnu lásán pè. Bí bàbá kan bá rí oògùn kòkó rà, ó di ọpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Òjò ọdún yẹn kò dá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tó dáwọ́ dúró díẹ̀, èmi àti Ìbídùn lọ pọnmi. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Ewé ìbẹ́pẹ kan wà lójú omi, a rò pé ó dúró ni. Nígbà tí a wò ó dáadáa, ó ń rọra gòkè bọ̀ wá bá wa. Ìbídùn já òmíràn jù sí i, òun náà gòkè. Inú wa dùn! A fi ewé sáré ìje títí ara wa fi rin, tèmi ló sì gbapò kìíní.

Nígbà tí a délé, bàbá Ìbídùn ń gbé pọ́ǹpù tó fi ń fọ́n oògùn sí kòkó kọ́ ẹ̀yìn.

“Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọmọ. Omi ńkọ́?”

Èmi ni mo dáhùn. Omi ń jò sí mi lọ́rùn, ẹni tí yóò bá mi sọ garawa ni mò ń wá. “Ó ń lọ, Bàbá.”

Bó ṣe mọ́ mi lẹ́nu ni. Mi ò gbèrò láti parọ́. Mi ò tilẹ̀ rò ó rárá. Ìbídùn wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé.

Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá rẹ̀ fọ pọ́ǹpù náà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn ọ̀pẹ tó wó, bí òfin ṣe wí.

Ní ọjọ́ kejì, Ìbídùn ṣáájú mi dé odò. Láti ọ̀nà ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀: “Ẹja! Ẹ wá wo ẹja o!” Wọ́n léfòó níbi tí a ti ń pọn omi mímu, wọ́n yí ikùn funfun sókè. Ó ti kó wọn tó ìdajì garawa. Ó sì ti bu omi mu, bí a ṣe máa ń ṣe ká tó pọn. Òórùn kan wà níbẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n lára aṣọ oko bàbá rẹ̀.

Mo sáré lọ pe ìyá mi. Ìyá mi wo omi, ó wo ewé tó ń gòkè, ó gba garawa lọ́wọ́ Ìbídùn, ó da ẹja náà sínú igbó. Ó ké igbe kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. A ò tíì délé tí ara Ìbídùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ilé àdúrà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ, lẹ́yìn náà wọ́n fi alùpùpù gbé e gba inú ẹrẹ̀ dé ọsibítù ní Ọ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì fún bàbá rẹ̀ ní bébà pé kó lọ ra oògùn níta, nítorí kò sí oògùn nílẹ̀. Nígbà tó fi padà dé, wọ́n ti fi aṣọ bo Ìbídùn lójú.

Ìyá mi kó gbogbo ẹ̀gẹ́ tó wà lódò dànù, ebi sì pa wá. Bàbá Ìbídùn kò wọ oko kòkó mọ́. Á jókòó síwájú ilé, á máa bi ẹni tó bá ń kọjá pé, “Ṣé ìsàlẹ̀ kọ́ ni mo ti fọ̀ ọ́ ni?” Gbogbo ènìyàn á ní, “Ìsàlẹ̀ ni, Bàbá.” Èmi náà wí bẹ́ẹ̀. Kò bi mí rí pé kí ni mo sọ láàárọ̀ ọjọ́ kìíní. Bóyá ó gbàgbé ni, bóyá àánú mi ló ṣe é. Ó kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òun lòun pa ọmọ òun, mo sì wà níbi ìsìnkú rẹ̀, mo panu mọ́. Ojú ń tì mí. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà. Igbó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, púpurú ti di ohun tí wọ́n ń rọ sínú ọ̀rá tà létí títì, a sì ní ẹ̀rọ omi lágbègbè wa. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá náà, iná ti lọ láti ọjọ́ mẹ́rin, ẹ̀rọ kò fa omi, òjò kò sì dá. Nígbà tí mo ti Ọ̀rẹ̀ délé, ọmọ ọmọ mi obìnrin ń ti odò bọ̀, garawa lórí, fóònù lọ́wọ́. Láti kékeré ni mo ti kọ́ ọ ní ìdáhùn náà.

“Omi ńkọ́?”

“Ó ń lọ, Màmá.” Kò gbójú kúrò lójú fóònù.

Mo gba garawa lórí rẹ̀, mo ní kí ẹnikẹ́ni má fẹnu kàn án. Mo já ewé ìbẹ́pẹ kan, mo sì gba ọ̀nà odò lọ.