Aṣọ Tí Ìwé Aṣọ́bodè Kò Mọ̀

Láyé ìgbà náà, bí ẹ bá fẹ́ ra aṣọ tí wọ́n hun ní Nàìjíríà ní owó pọ́ọ́kú, ẹ ní láti kọ́kọ́ kúrò ní Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ yìí ò tíì yé mi títí di òní, ṣùgbọ́n ojú mi ló ṣe.

Aláró ni ìyá mi ní Ìjemọ̀. Àwọn obìnrin àsáláátù ní kó bá àwọn ṣe ogún àdìrẹ fún Iléyá, wọ́n sì ti jọ fẹnu kò sí iye tí yóò gbà. Kò pẹ́ sí i ni aṣọ funfun tí wọ́n fi ń ṣe é gbówó lérí ní ọjà Ìtòkú. Bó bá rà á níbẹ̀, iṣẹ́ òfo ló máa ṣe. Bí kò bá sì rí i ṣe, àwọn oníbàárà rẹ̀ látọjọ́ pípẹ́ á gba ọ̀dọ̀ aláró mìíràn lọ. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń tà á ní Àjàṣẹ́, lẹ́yìn ibodè. Ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ ni mo wà nígbà náà, mo wá sílé fún ìsinmi, ìyá mi ní kí n tẹ̀lé òun lọ nítorí pé mo mọ̀wé.

Ní Àjàṣẹ́, ìyá mi fa òwú kan yọ lára aṣọ, ó fi iná sí i, ó gbóòórùn èéfín rẹ̀, ó ní òwú gidi ni. Èmi ni mo ka ohun tí wọ́n kọ sí etí aṣọ náà. Nàìjíríà ni wọ́n ti hun ún.

"Ọ̀dọ̀ yín ló kúkú ti wá," obìnrin tó ń tà á sọ. "Ẹni tó kó o wá ò wá èrè lórí aṣọ. Sẹ́fà, owó ilẹ̀ wa níbí, ló ń wá. Á fi sẹ́fà ra ìrẹsì, á gbé e gba inú igbó wọlé sọ́dọ̀ yín. Ibẹ̀ ló ti ń jèrè."

"Ìrẹsì ló wá bá mi san nínú owó aṣọ nìyẹn?" ìyá mi ní. "Ẹ bá mi kí ìrẹsì o."

Ó ra odidi ìdì kan.

Ní Ìdí-Ìrókò, aṣọ́bodè kan dá wa dúró. "Aṣọ òkèèrè. Òfin ò gbà á."

"Ẹ wo etí rẹ̀, ọ̀gá," ìyá mi ní. "Ti Nàìjíríà ni."

Ó kà á. "Tó bá jẹ́ ti Nàìjíríà, kò yẹ kó jáde."

"Kò jáde. Ó ń wọlé ni."

"Kó tó lè wọlé, ó ti ní láti jáde."

Ó ṣí ìwé òfin wọn. Ojú ewé wà fún aṣọ òkèèrè tó ń wọlé, ó sì wà fún aṣọ Nàìjíríà tó ń jáde. Kò sí fún aṣọ Nàìjíríà tó ń wọlé. Ó ní aṣọ á wà lọ́dọ̀ àwọn títí àwọn á fi gbọ́ látọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá, bóyá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Iléyá ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ìyá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn, ó yọ ìko tó fi ń so àdìrẹ nínú àpò rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í so aṣọ.

"Màmá, kí lẹ ń ṣe?" aṣọ́bodè náà ní.

"Iṣẹ́ mi ni. Aṣọ funfun lẹ ní ẹ ò gbà. Èyí ti ń di àdìrẹ. Ẹ bá mi wá ojú ewé àdìrẹ, nítorí Ọlọ́hun."

Èmi náà jókòó, mo ń so. Obìnrin méjì sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò wa, wọ́n ń bá wa so. Aṣọ́bodè náà tú ìwé òfin yẹn látòkè délẹ̀. Ta ló fẹ́ kó àdìrẹ wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá láti òkèèrè, tí òfin á fi mẹ́nu bà á? Nígbà tó sú u, ó kọ ọ́ sínú ìwé wa pé àdìrẹ tí kò tíì parí ni, ó ní ká máa kó o lọ. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ọ̀kan nínú èyí tí mo so.

"Èyí ò le. Aró á wọ inú ẹ̀."

Mo tún un so, inú ń bí mi.

Nínú mọ́tò, mo ṣírò owó aṣọ àti owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, pẹ̀lú iye tí àwọn tó ń ṣẹ́ owó jẹ lórí wa. Iye tí wọ́n ń ta aṣọ náà ní Ìtòkú gan-an ló bọ́ sí, ó tún lé díẹ̀. Mo yíjú láti sọ fún un. Gèlè rẹ̀ ti tú, ó wé e lẹ́ẹ̀mẹta, kò rí i wé. Mo ti rò pé ẹ̀rù ò bà á rárá. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo fi ìṣirò náà sílẹ̀, mo bá a wé e.

Nígbà tí a délé, àwọn obìnrin agbolé bi mí bóyá lóòótọ́ ni ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń tà á níbẹ̀. Ìyá mi ń wò mí.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.