Hítà Ọgọ́rùn-ún Wáàtì

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta tí ọyẹ́ dé, Waliyat bá àwọn ẹja mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ nísàlẹ̀ omi inú dígí wọn, wọn ò mira. Ó ti ọwọ́ bọ omi náà, ó tutù bí omi àmù. Hítà tó ń mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́ ti jó.

Aránṣọ ni Waliyat, ní àdúgbò Bẹ́yẹrúnkà. Yésúfù, ọkọ rẹ̀ tó ń tún aago ṣe, ló gbé àpótí dígí ẹja náà sí pálọ̀. Ó kú lásìkò òjò tó kọjá. Láti ìgbà náà, bí Waliyat bá ti fún ẹja lóúnjẹ tán, á pa ilẹ̀kùn pálọ̀ dé.

Ó gba ọ̀dọ̀ Joseph lọ, ẹni tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ ní Bẹẹrẹ.

"Hítà tó tóbi jù ni kí o fún mi."

"Rárá o, Màmá. Hítà ńlá nínú omi díẹ̀, bó bá kọ̀ tí kò paná ara rẹ̀ nígbà tó gbóná tó, á se ẹja yín bí ọbẹ̀ ni. Èyí tó bá sì kéré jù, asán ló ń ṣe. Lítà mélòó ni omi yín?"

Waliyat ò mọ̀. Yésúfù ló mọ̀. Ó padà sílé, ó mú téèpù ìránṣọ rẹ̀, ó wọn dígí náà bí ẹni tó ń gba ìwọ̀n aṣọ: gígùn rẹ̀, ìbú rẹ̀, ibi tí omi ga dé. Ó wá pe Joseph lórí fóònù, ó kà á fún un.

"Ó tó ọgọ́ta lítà. Pálọ̀ yẹn ńkọ́, Màmá, ṣé èèyàn máa ń jókòó síbẹ̀?"

Waliyat ká téèpù rẹ̀ jọ. "Kò sẹ́ni tó ń jókòó síbẹ̀ mọ́."

"Á jẹ́ pé ó máa tutù gan-an. Bó bá jẹ́ yàrá tí ẹ̀ ń sùn ni, àádọ́ta wáàtì á tó o. Ní pálọ̀ tó ṣófo, ọgọ́rùn-ún ni kí ẹ mú. Àbí kí n wá bá yín gbé e wọ yàrá?"

"Ibi tí Bàbá Muslimat gbé e sí nìyẹn," ni Waliyat wí. "Mú ọgọ́rùn-ún wá."

Joseph fúnra rẹ̀ ló wá rì í sínú omi. Ó ní bí wọ́n bá mú iná lọ, kí ó fi búláńkẹ́ẹ̀tì bo dígí náà. Nígbà tó lọ tán, Waliyat gbé àga síwájú ẹja, ó ń wo tẹ̀mómítà tó wà lára dígí. Kó tó di ìrun aláásárì, mẹ́ta nínú wọn ti ń wẹ̀. Ìkẹrin ò dìde. Ó sin ín sẹ́bàá ògiri lẹ́yìnkùlé.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Muslimat, ọmọ rẹ̀, pè láti Kánádà.

"Ẹja bàbá yín ti ń wẹ̀ o."

"Ẹja wo, Mọ̀mí?"

Waliyat bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàpèjúwe wọn: èyí tó pupa rẹ́súrẹ́sú, èyí tó ní àmì dúdú nírù, ojo tó máa ń sá sẹ́yìn òkúta.

"Ó dáa, Mọ̀mí. Mo fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́."

Waliyat gbé fóònù sílẹ̀. Inú pálọ̀ yẹn náà ló jókòó sí títí wọ́n fi pe ìrun mọ̀ǹgàríbì.