Yàrá Òkè Ilé Kẹtàdínlógún

Ọdún mọ́kànlélógún ni Ìyá Oníwèé ti fi ń kọ orúkọ àwọn tó kú sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìlera àdúgbò. Iṣẹ́ náà ti mú kó máa fura sí gbogbo nǹkan. Kódà bí ọkọ rẹ̀ bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á ti máa bi í léèrè ohun tó jẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń ka iye òkú ọdún náà jọ fún ọ̀gá rẹ̀. Ibà pa mọ́kàndínlógún, ẹ̀jẹ̀ ríru pa méjìlá, ọkọ̀ pa mẹ́fà. Ó wá kan àwọn tí dókítà kọ "ọkàn dákẹ́ lójú oorun" sí. Mẹ́rin ni wọ́n. Ilé kẹtàdínlógún, lójú pópó àwọn télọ̀, ni gbogbo wọn kú sí, nígbà òjò. Kò sí èyí tó pé ogójì ọdún nínú wọn.

Ara fu ú. Ó mọ onílé náà lójú: opó kan tí kì í rẹ́rìn-ín, tí kì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré. "Obìnrin yẹn ń fún wọn ní nǹkan jẹ ni," ló sọ nínú ara rẹ̀. Ó gbé báàgì, ó di ibẹ̀.

"Àgò onílé o! Ọ́fíìsì ìlera ni mo ti wá. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń se oúnjẹ fáwọn ayálégbé yín ni?"

Onílé wò ó látòkè délẹ̀. "Èmi? Ẹnu ara mi ni mò ń se oúnjẹ fún. Ta lẹ tún wá kọ orúkọ rẹ̀ nílé mi?"

"Yàrá wo làwọn tó kú ń gbé?"

Ohùn onílé rọlẹ̀. "Yàrá òkè kan ṣoṣo ni. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

Ayálégbé tuntun ló ṣílẹ̀kùn fún wọn, ọmọbìnrin kan tó fi gèlè di orí rẹ̀ pinpin. Òjò ń rọ̀, ó ti fèrèsé pa.

"Ṣé kò sí o?" Ìyá Oníwèé bi í.

"Orí ló ń fọ́ mi, mà. Bí mo bá ti sùn níbí, ó dé nìyẹn. Bí mo bá ti jáde, á lọ."

Ìyá Oníwèé fọwọ́ kan ògiri. Ó gbóná. "Ta ló wà nísàlẹ̀?"

"Oníbúrẹ́dì," onílé dáhùn. "Kò tíì pé ọdún tó kó dé."

Ojú ẹsẹ̀ ni Ìyá Oníwèé ní kí ọmọbìnrin náà kó ẹrù rẹ̀ jáde. Lọ́jọ́ kejì, ó mú wolé-wolé wá. Oníbúrẹ́dì ń búra pé òun ò rí èéfín kankan rí. Òótọ́ ló sọ: páìpù ààrò rẹ̀ ti là nínú ògiri, yàrá òkè ni èéfín ń gbà lọ. Afẹ́fẹ́ olóró inú rẹ̀, tí kò ṣeé rí, tí kò sì ní òórùn, ló ń kún yàrá náà bí wọ́n bá ti fèrèsé nítorí òjò. Nígbà tí wọ́n fọ́ ògiri náà, inú rẹ̀ dúdú kirikiri. Wolé-wolé ti ààrò pa.

Dókítà tún ìwé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ. Ìyá Oníwèé wá padà lọ bá onílé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ̀yin ni mo rò pé ẹ ń pa wọ́n."

"Mo mọ̀. Ojú yín sọ ọ́." Onílé nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. "Ìgbà tí ẹnì kejì kú ni mo ti dí kànga mi. Mo rò pé omi mi ni. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?"

Ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan síwájú. Ìyá Oníwèé jókòó.