Ẹ̀kuyá Asimawu

Ta ló ń gbin ẹ̀kuyá? Fúnra rẹ̀ ló ń hù. Létí oko ọkọ Asimawu ní abúlé Mamu ló máa ń hù sí, ewé rẹ̀ bí ìka márùn-ún, òdòdó rẹ̀ funfun. Ọgbọ́n Asimawu kò ju pé kì í já a tán: ó máa ń fi díẹ̀ sílẹ̀ kí èso rẹ̀ gbó, kó gbẹ, kó fọ́n sílẹ̀ de ọdún tó ń bọ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń ta ẹ̀fọ́ kíkorò yẹn jẹun. Kò ní iṣẹ́ mìíràn, gbogbo àdúgbò Atikori ló sì mọ̀.

Lóṣù karùn-ún, Mùbàṣírù ọkọ rẹ̀ kú. Asimawu wọlé opó, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, bí àwa Mùsùlùmí ti ń ṣe é. Ní àdúgbò wa, opó kì í fẹsẹ̀ kan ìta. Yàrá kan, fèrèsé kan, ògiri ilé onílé níwájú fèrèsé. Ó sọ fún èmi tí a jọ ń gbélé pé, "Àǹtí Muslimah, ó ń ṣe mí bíi pé èmi náà ni wọ́n sin." Mo ní kó ṣe sùúrù. Ẹnu dùn-ún ròfọ́, èmi ṣáà ń lọ, mo ń bọ̀ ní tèmi.

Lóṣù keje, Nọ́fíù, àbúrò ọkọ rẹ̀, ní òun fẹ́ gbin pákí sóko náà, òun á kọ́kọ́ fi oògùn pa koríko ibẹ̀. Asimawu pè é lórí fóònù.

"Ọkọ mi, ẹ dákun, ẹ fi etí oko sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Èso ẹ̀kuyá mi ò tíì gbó."

Nọ́fíù rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ṣé ẹ̀yin lẹ gbìn ín ni? Koríko ni. Àárọ̀ ọ̀la ni mò ń fín in."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Asimawu wọ bàtà. Ó ní òun á lọ dúró síwájú ẹ̀kuyá òun, kí Nọ́fíù fín oògùn náà sí òun lára. Èmi ni mo na ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà. Mo ní, "Kí opó máa rìn ní títì lójúmọmọ? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ní ìwọ lo pa ọkọ rẹ ni?" Ó bọ́ bàtà.

Nọ́fíù fín oògùn rẹ̀. Kó tó di ọjọ́ kẹrin, gbogbo ẹ̀kuyá náà ti gbẹ tèso-tèso, èso tútù tí kò lè hù mọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Ààfáà Láwàl wá kí i, a sì ròyìn fún un. Ó yà á lẹ́nu. "Opó lè jáde lọ́sàn-án lọ wá ohun tó máa jẹ, kó ṣáà ti padà wá sùn sílé. Ta ló ní kó má lọ?"

Mo ní, "Èmi ni, Ààfáà." Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbórí sókè.

Ààfáà ní kó yáa máa jáde láti ọ̀la.

Asimawu ní, "Lọ síbo?"